BÍ ỌLỌ́RUN KÒ BÁ DÉ KÍ FÍÌMÙ TÓ PARÍ ŃKỌ́?

Kíkà wa fún ti òní: Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 12:1-19

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé Bíbélì yín sí tòsí, nítorí a óò lò ó. Ẹ̀bi tèmi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí nǹkan díẹ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin náà rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ibòmíràn, a máa ń fi fíìmù Kristẹni han àwọn ènìyàn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó bá gbẹ̀yìn oṣù. A óò ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri, a óò tan jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọdé yóò jókòó sórí ẹní níwájú, àwọn àgbà yóò wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Fíìmù tí a wò lálẹ́ ọjọ́ kan dá lórí ọmọ tí àìsàn gbé dé ọsibítù. Dókítà ti yọ omi tí wọ́n fà sí i lára, nọ́ọ̀sì ti fi aṣọ bo ojú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti ń yí nílẹ̀. Ìgbà náà ni pásítọ̀ inú fíìmù já ilẹ̀kùn wọlé. Orin sọ. Ó pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ náà sì sín. Ariwo halelúyà gba gbogbo ilé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gun orí pẹpẹ ìwàásù, mo fi fíìmù náà ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní, "Bí Ọlọ́run ti ṣe é fún ọmọ yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe é fún tìrẹ!" Àmín tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé. Ìyá kan wà láàárín wọn tí àmín tirẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Kò sí oògùn tí dókítà kọ tí ìyá yìí kò rà, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní ọsibítù tó pa jẹ.

Oṣù kan kò pé lẹ́yìn ìwàásù mi tí àìsàn náà tún dìde sí ọmọ yìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n fa omi sí i. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo já ilẹ̀kùn wọlé bíi ti pásítọ̀ inú fíìmù. Mo gbàdúrà títí òógùn fi bò mí. Mo pe orúkọ Jésù, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta nìkan. Ọmọ náà kò sín.

Nígbà tí mo lọ bá wọn kẹ́dùn nílé, ìyá yìí wò mí lójú, ó ní, "Pásítọ̀, ṣé àwọn tó ń ṣeré nìkan ni Ọlọ́run máa ń dé bá lásìkò ni?"

Ẹ̀yin ará, ó yẹ kí n dákẹ́. Ó yẹ kí n jókòó tì í, kí n bá a sunkún, bí Olúwa wa ti sunkún ní ibojì Lásárù. Ṣùgbọ́n mo rò pé pásítọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe aláìní èsì. Mo bi í pé, "Arábìnrin, ṣé ẹ kò ṣiyèméjì ṣá?" Kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Odindi oṣù méje ni a kò fi rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi bọ́ lọ́jọ́ náà, orí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ni ó sì fọ́ sí.

ÒRÌṢÀ TÍ WỌ́N FI OKÙN SỌ̀ KALẸ̀

Ìbéèrè ìyá yìí kò jẹ́ kí n sùn. Mo padà sídìí àwọn ìwé tí mo kà nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù, mo fẹ́ mọ ìgbà tí àwọn òpìtàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ọlọ́run parí ìtàn wọn. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́.

Ní ilẹ̀ Gíríìkì, ó lé ní irínwó ọdún kí a tó bí Olúwa wa, àwọn eléré ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi gbé ènìyàn sókè. Bí ìtàn bá ti lọ́jú pọ̀ tí òǹkọ̀wé kò rí ibi gbà já, wọn a fi ẹ̀rọ yìí gbé ẹni tó ṣe òrìṣà wá sí òkè orí ìtàgé. Òun ni yóò dá ẹjọ́, tí olúkúlùkù yóò fi lọ sílé. Ní ọdún 431 kí a tó bí Kristi, òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Euripides gbé eré kan jáde ní Áténì, ìlú tí Pọ́ọ̀lù wá wàásù nígbà tó yá. Eré náà dá lórí obìnrin kan, Medea, tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ láti fẹ́ ọmọ ọba. Ìbínú mú kí obìnrin yìí pa àwọn ọmọ méjèèjì tó bí fún ọkọ náà. Nígbà tí ọkọ dé láti gbẹ̀san, kẹ̀kẹ́ kan ti gbé Medea sókè réré. Baba-ńlá rẹ̀, òrìṣà Oòrùn, ni ó fún un ní kẹ̀kẹ́ náà.

Ẹ bá mi wò ó. Ìrànlọ́wọ́ láti òkè dé fún ẹni tó pààyàn. Kò dé fún àwọn ọmọ. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, bá irú òpin ìtàn bẹ́ẹ̀ wí. Ó ní inú ìtàn fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí òpin ìtàn ti jáde wá, kì í ṣe kí a kàn fi ẹ̀rọ gbé e wá láti òkè. Kèfèrí ni Aristotle, ṣùgbọ́n mo rò pé òtítọ́ wà nínú ohun tó rí.

Àwa náà ní tiwa. Ta ni nínú àwa tí a ka ìwé Yorùbá tí kò mọ D. O. Fágúnwà? Ọmọ Òkè-Igbó ni, ọdún 1903 ni a bí i, àwọn òbí rẹ̀ sì ti gba ẹ̀sìn Kristi. Ilé ìtẹ̀wé CMS ni ó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Nínú ìwé náà, nígbà tí ìyọnu ká Àkàrà-Ògùn mọ́ inú igbó, obìnrin kan yọ sí i, ó sì ràn án lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ gan-an ni orúkọ obìnrin náà. Bí ẹ bá ka Fágúnwà dáadáa, ẹ óò rí i pé kò sí iwin tàbí ẹbọra tó burú tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí lábẹ́ Olódùmarè. Ohun rere ni ìwé náà kọ́ wa, mo sì dúpẹ́ pé mo kà á lọ́mọdé.

Lẹ́yìn ìwé ni fíìmù dé. Ní ọdún 1979, Olóyè Hubert Ògúndé ṣe fíìmù Aiyé, níbi tí babaláwo kan tí ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá ti bá àwọn àjẹ́ jà. Ní ọdún 1985, Mike Bámilóyè dá ẹgbẹ́ eré Mount Zion sílẹ̀. Nígbà tí Agbára Ńlá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n kì í gba èrò. Ọ̀pọ̀ ọkàn ló ti ipa àwọn eré wọ̀nyí mọ Olúwa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú di wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí a ń pè ní ti Kristẹni lẹ́yìn ìgbà náà, ìjà kan náà ni a ṣì ń wò. A yọ babaláwo kúrò, a fi pásítọ̀ síbẹ̀. A yọ ọfọ̀ kúrò, a fi orúkọ Jésù síbẹ̀. Ẹni tó bá pe tirẹ̀ le jù ni ó borí. Bí a kò bá ṣọ́ra, àwọn ọmọ wa yóò rò pé oríṣi ọfọ̀ mìíràn ni orúkọ Olúwa, pé bí a bá ti pè é bó ti yẹ, ó di dandan kó jẹ́.

Kí ló dé tí àwọn òpìtàn fi ń ṣe báyìí? Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wákàtí méjì péré ni wọ́n ní. Ẹni tó sanwó fẹ́ lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó kọ eré ti mọ òpin rẹ̀ kó tó kọ ìbẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run inú eré kò lè sọ pé rárá fún ẹni tó kọ eré. Ìgbà tó bá pè é ni yóò dé, ohun tó bá ní kó ṣe ni yóò ṣe. Ọmọ-ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

ORÍ KAN NÁÀ, JÁKỌ́BÙ ÀTI PÉTÉRÙ

Nígbà tí oṣù keje pé, mo gbéra, mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá yìí. Kí n má purọ́, kì í ṣe èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn náà. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú ni ìyàwó mi ti ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Kò wàásù. Á bá a ṣa ẹ̀fọ́, á bá a ká aṣọ, bí ìyá náà bá fẹ́ sunkún, á jókòó tì í. Òun ni ó sọ fún mi pé, "Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, ó ti tó àkókò."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní, "Arábìnrin, mo ṣẹ̀ yín. Ohun tí mo bi yín lọ́jọ́sí, kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi." Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó jẹ́ kí a jọ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa kà á.

Ọba Hẹ́rọ́dù dìde sí ìjọ ní Jerúsálẹ́mù. Ó fi idà pa Jákọ́bù, arákùnrin Jòhánù. Gbólóhùn kan péré ni ìwé fi sọ ikú rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ó dùn mọ́ àwọn Júù, ó mú Pétérù pẹ̀lú, ó fi ọmọ ogun mẹ́rìndínlógún ṣọ́ ọ. Ní òru, áńgẹ́lì dé, ẹ̀wọ̀n bọ́, ilẹ̀kùn irin ṣí fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fíìmù ni, ibí yìí ni orin yóò ti sọ.

Ṣùgbọ́n Jákọ́bù ńkọ́? Ọba kan náà ni. Ìjọ kan náà ni. Ọlọ́run kan náà ni. Ṣé Jákọ́bù kò nígbàgbọ́ ni? Ọ̀kan ni lára àwọn mẹ́ta tí Olúwa mú lọ sórí òkè ìpaláradà! Ṣé ìgbàgbọ́ àwọn tó gbàdúrà fún Pétérù ló lágbára jù ni? Ẹ ka ẹsẹ 13 sí 16 dáadáa. Nígbà tí Pétérù kan ilẹ̀kùn ilé Màríà ìyá Jòhánù Máàkù, tí ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Ródà sáré wọlé láti sọ fún wọn, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n ń gbàdúrà kí Pétérù jáde, ó jáde, wọn kò gbà gbọ́! Àwọn tó ṣiyèméjì ni Ọlọ́run dá lóhùn. Ẹ wo bí ìbéèrè tí mo bi ìyá náà ti jìnnà sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó. Oníwàásù ni mí, mo ti ka orí yìí ju ogún ìgbà lọ, n kò sì rí i.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fo ẹsẹ 19. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn kò rí Pétérù, Hẹ́rọ́dù ní kí wọ́n lọ pa àwọn ẹ̀ṣọ́. Àwọn náà ní ìyá nílé. Bíbélì kò fi í pamọ́ fún wa. Fíìmù kì í sábà fi irú rẹ̀ hàn.

Nígbà tí a kà á tán, ìyá náà dákẹ́ títí. Ó wá bi mí pé, "Ìyá Jákọ́bù ńkọ́, Pásítọ̀? Kí ni wọ́n sọ fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà gbá mi láyà. Ìyá Jákọ́bù ni obìnrin tó wá bá Olúwa nínú Mátíù orí 20, pé kí àwọn ọmọ òun méjèèjì jókòó ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀ nínú ìjọba rẹ̀. Ó wà lára àwọn obìnrin tó dúró ní òkèèrè lọ́jọ́ tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Bóyá ó ṣì wà láàyè nígbà tí idà Hẹ́rọ́dù pa ọmọ rẹ̀, Bíbélì kò sọ. Mo ní, "Bíbélì kò sọ, arábìnrin. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí a kọ pé wọ́n sọ fún un."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n ní kò nígbàgbọ́."

ỌLỌ́RUN TÍ KÒ SỌ̀ KALẸ̀

Olùfẹ́, láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé Ìwé Mímọ́ kì í fi Ọlọ́run dí ihò ìtàn. Nínú ìwé Ẹ́sítérì, a kò dárúkọ Ọlọ́run rárá. Áńgẹ́lì kan kò yọ, òkun kan kò pínyà. Oorun ni kò kun ọba ní òru ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n ka ìwé ìrántí fún òun, ibẹ̀ ni ìgbàlà orílẹ̀-èdè kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nínú Dáníẹ́lì orí 3, kí Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò tó wọ iná, wọ́n sọ fún ọba pé Ọlọ́run àwọn lè gba àwọn. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ gba àwọn, àwọn kò ní foríbalẹ̀ fún ère rẹ̀. Wọ́n ti ní ìgbàgbọ́ kí iná tó di tútù, wọn kò sì fi ìdáǹdè ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ẹ wá wo Kálífárì. Kí ni àwọn tó ń kọjá lọ béèrè? Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ Ọmọ Ọlọ́run, kí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àgbélébùú. Òpin fíìmù ni wọ́n ń wá. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, wọn ì bá pàtẹ́wọ́, wọn ì bá lọ sílé, àwa ì bá sì wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ wa títí di òní. Kò sọ̀ kalẹ̀. Àjíǹde dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọjá inú ikú kó tó dé.

John Bunyan mọ èyí. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ní Bedford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1660 sí 1672, nítorí kò yé wàásù. Nínú ìtàn tó gbé jáde ní ọdún 1678, èyí tí Hinderer, àlùfáà CMS tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, túmọ̀ sí Yorùbá ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, èrò méjì wọ ọjà asán pa pọ̀. Wọ́n dáná sun ọ̀kan, èkejì bọ́. Ọ̀kan náà ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí olóòótọ́. Bunyan lè gbà á sílẹ̀. Òun ló ń kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó nínú ẹ̀wọ̀n rí, kò fẹ́ purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Kẹ̀kẹ́ ọ̀run kó olóòótọ́ lọ sókè, lẹ́yìn tí iná ti jó o tán.

Fágúnwà náà ńkọ́? Ní ọdún 1961 ni ìwé rẹ̀ Àdììtú Olódùmarè jáde. Orúkọ ìwé náà nìkan tó fún wàásù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, omi gbé òǹkọ̀wé wa lọ lẹ́bàá Bídà, ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹni tó fi Ìrànlọ́wọ́ sínú igbó fún Àkàrà-Ògùn, kò sí ìrànlọ́wọ́ kan tó yọ sí òun létí odò lọ́jọ́ náà. Ṣé kí a wá sọ pé kò nígbàgbọ́? Kí a má rí i! Àdììtú ni, ẹni tó dì í nìkan ló lè tú u.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkíní, ẹ má sọ fíìmù àti ìwé ìtàn nù. Olúwa wa pàápàá fi òwe kọ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín bá wo fíìmù tán, ẹ bi wọ́n pé, "Bí Ọlọ́run kò bá ṣe é báyìí ńkọ́, ṣé Ọlọ́run náà ni yóò ṣì jẹ́?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn.

Èkejì, ẹ̀yin tí ń kọ eré, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ti Jákọ́bù náà fún wa. Àwọn tí ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún pọ̀ nínú ìjọ, wọ́n sì ń wo fíìmù yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi oníwàásù, ẹ má ṣèlérí lórí pẹpẹ ohun tí Ọlọ́run kò ṣèlérí. Ẹ gbàdúrà fún aláìsàn pẹ̀lú gbogbo ọkàn yín, nítorí Ọlọ́run ṣì ń wo aláìsàn sàn, ojú mi ti rí i. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi ọsibítù àti oògùn sílẹ̀. Bí ikú bá sì dé, ẹ má ṣe wá ẹlẹ́ṣẹ̀ láàárín àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìwọ tí o ń ka ìwé ìròyìn yìí, tí o ti gbàdúrà títí tí ọmọ kò sín. N kò ní parọ́ fún ọ pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyàwó mi wà nínú ilé ìyá yẹn ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Kò sí orin, ilẹ̀kùn kan kò já. Mo ti wá gbà pé Ọlọ́run ti dé ilé náà tipẹ́tipẹ́ kí èmi tó dé.

Ìyá náà padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ó máa ń jókòó sí. Bí alẹ́ fíìmù bá dé, kì í wá, èmi náà kì í sì bi í léèrè. Kí wọ́n tó gbé mi kúrò níbẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n má tún sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí fún ìyá ọlọ́mọ kankan mọ́. Mo ṣèlérí fún un, mo sì ń pa á mọ́.

Ẹ JẸ́ KÍ A GBÀDÚRÀ: Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o tú Pétérù sílẹ̀ tí o sì gba ọkàn Jákọ́bù, kọ́ wa láti gbẹ́kẹ̀ lé ọ ní ọjọ́ méjèèjì. Dárí jì wá níbi tí ẹnu wa ti ṣá ẹni tí ọgbẹ́ wà lára rẹ̀. Rán ẹnìkan sí ilé tí a ti ń ṣọ̀fọ̀ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ àwa ni ìwọ yóò rán. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.

Ó dìgbà kan ná. Kí Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín.